Lokma, helva, lokum, baklava: èwo ni ọmọ Ẹ̀gbá tó ń lọ kàwé ní Tọ́kì yóò kọ́kọ́ tọ́ wò?

Bí oṣù kẹsàn-án bá ti ń sún mọ́lé, àwọn òbí kan l'Abẹ́òkúta á bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù ọmọ tó fẹ́ lọ kàwé ní Tọ́kì. Àwọn kan nínú àwọn ọmọ náà rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Türkiye Bursları gbà, èyí tí ìjọba ibẹ̀ ti ń fún àwọn ọmọ ilẹ̀ òkèèrè lábẹ́ orúkọ yẹn láti ọdún 2012. Owó ìyá àti bàbá làwọn mìíràn fi ń lọ. Ẹrù wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra: èlùbọ́ láfún, gàrí, ata gígún, ẹ̀gúsí, irú tí wọ́n fi ọ̀rá mẹ́ta wé kó má baà rùn nínú bàálù. Oúnjẹ gidi ni gbogbo wa ń bẹ̀rù. Kò sẹ́ni tó ń ronú kan ìpápánu, bẹ́ẹ̀ ìpápánu ni ẹnu ọmọ náà á kọ́kọ́ bá pàdé. Ilé tí ẹ bá wọ̀ ní Tọ́kì, tíì dúdú ni wọ́n á gbé ka iwájú yín, ohun dídùn kan á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Izmir ni mo ti kàwé, Abẹ́òkúta ni mo wà báyìí. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ọmọ tó sáré lọ bá baklava lọ́sẹ̀ tí wọ́n dé, torí pé òun ló ń dán jù nínú gíláàsì ṣọ́ọ̀bù. Ṣúgà á mú wọn lọ́fun, wọ́n á ní adùn àwọn ará Tọ́kì kò ṣeé jẹ, wọn ò sì ní padà síbẹ̀ mọ́. Ó máa ń dùn mí, nítorí ohun tó dára pọ̀ níbẹ̀. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ fi ẹnu tí ẹ gbé kúrò nílé yàn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó ní ìbátan l'Abẹ́òkúta: ìyẹ̀fun tí wọ́n dín nínú òróró, hóró tí wọ́n yan tí wọ́n sì lọ̀, ọkà tí wọ́n sè. Tí ẹnu bá ti mọ ìyẹn, ẹ wá lọ bá èyí tó jẹ́ àjèjì pátápátá.

Kí ẹ tó tọ́ ohunkóhun wò

Ẹ̀pà kò ṣàjèjì sí wa. Àtorí gúgúrú, àtorí kúlíkúlì, àtorí sísí pẹlẹ́bẹ, kò síbi tí a kò ti jẹ ẹ́. Àmọ́ hóró tó wà nínú adùn Tọ́kì, púpọ̀ nínú wọn ni ara wa kò bá pàdé rí: Antep fıstığı aláwọ̀ ewé (pistachio lédè Gẹ̀ẹ́sì), fındık tó rí roboto (hazelnut), ceviz tó hunjọ (walnut). Tọ́kì ló ń kórè fındık jù lọ lágbàáyé, ẹ̀bá Òkun Dúdú ni wọ́n ti ń gbìn ín, ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa bá a nínú ohun tí ẹ kò rò pé ó wà. Ẹni tí ara rẹ̀ kọ ẹ̀pà, kó má tọ́ wọn wò láì kọ́kọ́ bi dókítà; ẹni tí kò jẹ irú hóró wọ̀nyí rí, kó gé e jẹ díẹ̀ gan-an lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kó sì dúró wo ara rẹ̀. Bí ètè bá ń wú tàbí tí ọ̀fun bá ń há, ẹ tẹ 112 lórí fóònù, òun ni nọ́ńbà pàjáwìrì níbẹ̀. Lára páálí, "yer fıstığı" ni ẹ̀pà tiwa gan-an, "susam" ni yánmọtí, "süt" ni mílíìkì. Ẹ ka ş bí ṣ wa, kí ẹ sì ka c bí j, ẹni tó ń tà á á gbọ́ yín.

Ìwọ̀n kíló ni wọ́n fi ń ta ọ̀pọ̀ adùn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tì yín sí kíló kan. Ọgọ́rùn-ún gíráàmù tó fún ìtọ́wò, ẹ sì lè ní kí wọ́n gé díẹ̀ fún yín kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Ẹ pe ọkùnrin tó bá jù yín lọ díẹ̀ ní abi, obìnrin ní abla, àgbàlagbà obìnrin ní teyze, bàbá ní amca. Ọmọ tí wọ́n tọ́ nílé Yorùbá kò ní í kọsẹ̀ níbí. Àwọn náà kì í la orúkọ mọ́ àgbà lórí.

Lokma àti tulumba, ọ̀dọ̀ pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù ni wọ́n wà

Ibi tí mo fẹ́ kí gbogbo ọmọ Abẹ́òkúta ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Fulawa, omi àti yíìsì ni lokma. Wọ́n á jẹ́ kó wú, wọ́n á dín in, wọ́n á sì dà á sínú omi ṣúgà tó ti tutù. Ìyàtọ̀ sí pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù tí a ń rà ní Sápọ́n ni pé inú ìyẹ̀fun ni àwa ń po ṣúgà sí, tiwọn sì jẹ́ pé ara rẹ̀ lóde ló ti ń gbà á. Nítorí náà, èèpo lokma á le, á fọ́ lẹ́nu, inú rẹ̀ á sì ṣófo. Tiwa á rọ̀, á sì kún inú. Ti Izmir máa ń ní ihò láàárín, ó rí bí òrùka. Èyí tí wọ́n ń pè ní saray lokması ló rí roboto bíi tiwa.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pín in ló mú kí n fẹ́ràn rẹ̀. Ní Izmir, bí ẹnìkan bá kú, tí ó sì pé ogójì ọjọ́ tàbí ọdún kan, ẹbí rẹ̀ lè háyà ọkọ̀ lokma kó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé tàbí níwájú mọ́sáláṣí. Ẹ̀rọ kékeré kan á máa já ìyẹ̀fun òrùka náà sínú òróró gbígbóná ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹni tó dúró tì í á máa fi irin gígùn yí wọn títí wọ́n á fi pọ́n, á kó wọn sínú omi ṣúgà, á sì bù wọ́n sínú páálí pẹlẹbẹ pẹ̀lú igi tín-ín-rín kan. Ẹni tó bá ń kọjá lọ, yálà ó mọ olóògbé tàbí kò mọ̀ ọ́n, á tò sórí ìlà, á gba tirẹ̀, á sì sọ pé "Allah kabul etsin", kí Ọlọ́run gbà á. Wọn kì í gba owó. Ọmọ Yorùbá tó ti jẹ àkàrà òkú àgbà rí mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, kò nílò àlàyé. Ẹ má tijú láti tò. Ẹ gbà á, ẹ ṣe àdúrà náà, kí ẹ sì jẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀, torí bí lokma bá ti fi wákàtí kan tutù, èèpo rẹ̀ á rọ̀, adùn ibẹ̀ á sì dínkù.

Tulumba wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ihò onígun ni wọ́n fi ń ti ìyẹ̀fun rẹ̀ jáde, ìyẹn ló fà á tí ara rẹ̀ fi ní ìlà-ìlà, ìlà wọ̀nyẹn sì ń mu omi ṣúgà gan-an. Ẹyọ kan tó. Láàárín méjèèjì, lokma ni mo mú.

Helva: ẹ fara balẹ̀ níbí

Bí ẹ bá bi mí pé adùn wo ló yẹ akẹ́kọ̀ọ́ jù, tí owó rẹ̀ kò pọ̀, tí kò ní fíríìjì, tí ó sì ń fi òru kàwé, helva ni màá sọ kí ẹ tó parí ìbéèrè. Irúfẹ́ rẹ̀ mẹ́ta ni ẹ máa rí jù, wọn ò sì jọra.

Àkọ́kọ́ ni tahin helvası. Yánmọtí, tí àwọn Hausa ń pè ní ridi, ni wọ́n ń yan tí wọ́n sì ń lọ̀ kúnná títí á fi di ọ̀rá ṣíṣàn. Ìyẹn ni tahin. Wọ́n á wá se ṣúgà pẹ̀lú omi gbòǹgbò igi kan tí wọ́n ń pè ní çöven, wọ́n á máa rò ó títí á fi funfun tí á sì wú, kí wọ́n tó po méjèèjì pọ̀. Bí ẹ bá fi ọ̀bẹ gé e, kò ní í gé gbọnrangandan. Á ṣí ní fọ́nrán-fọ́nrán, ọ̀rá rẹ̀ á sì kan ìka yín. Ẹni tó bá ti jẹ róbó tàbí àádùn rí mọ ìdílé tí èyí ti wá: hóró tí wọ́n yan, tí wọ́n lọ̀, tí ọ̀rá sì dì í mú. Àádùn tiwa láta, tàbí kó ní oyin díẹ̀, epo pupa ló sì ń dì í mú. Tahin helvası kò láta, ṣúgà rẹ̀ sì pọ̀ jù ú lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n ìkórò fẹ́ẹ́rẹ́ tí yánmọtí yíyan ní kì í jẹ́ kí ṣúgà náà gba gbogbo ẹnu. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó ń kó yánmọtí tà sí òkèèrè jù, Tọ́kì sì wà lára àwọn tó ń rà á lọ́wọ́ wa. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ yánmọtí Násárawá tàbí Jígáwá ni wọ́n fi ṣe èyí tí ẹ ń jẹ.

Àwọn ará ibẹ̀ a máa fi jẹ búrẹ́dì láàárọ̀, wọ́n sì máa ń jẹ ẹ́ lẹ́yìn ẹja. Ẹ kà á lára páálí kí ẹ tó rà á: tahin ni kí ẹ bá níwájú nínú ohun tí wọ́n tò síbẹ̀, kì í ṣe ṣúgà. Bí ó bá ń gbẹ yín lọ́fun, tíì tí kò ní ṣúgà ni kí ẹ fi tì í. Nígbà òtútù, ẹ ra tahin ṣíṣàn nìkan, kí ẹ po ó mọ́ pekmez, ìyẹn omi èso àjàrà tí wọ́n sè títí tó fi ki. Ẹ fi búrẹ́dì bọ̀ ọ́. Yìnyín lè máa bọ́ níta, ẹ ò ní mọ̀ ọ́n lára títí di ọ̀sán.

Ìkejì ni irmik helvası, èyí tí ẹ lè fi ọwọ́ ara yín sè. Irmik kò jìnnà sí sèmó tí ẹ ń rò nílé. Ó ya ọ̀pọ̀ ọmọ wa lẹ́nu pé ohun tí a ń fi ọbẹ̀ gbé mì ni àwọn kan ń fi ṣúgà sè. Ife irmik kan, ife ṣúgà kan, ife méjì mílíìkì tàbí omi, àti bọ́tà tó tó ìdajì páálí kékeré. Ẹ yọ́ bọ́tà, ẹ da irmik sí i pẹ̀lú hóró çam fıstığı (pine nut) díẹ̀ tí owó bá wà, kí ẹ sì máa rò ó lórí iná kékeré láìdúró. Ibí yìí ni iṣẹ́ wà. Bí ó bá ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú tí òórùn rẹ̀ sì ti gba yàrá, ẹ da mílíìkì gbígbóná tí ẹ ti yọ́ ṣúgà sí lé e lórí; ẹ sún sẹ́yìn, nítorí ó máa ń ta pàrà. Ẹ bò ó kó fà á mu tán, ẹ sì jẹ ẹ́ ní lílọ́ wọ́ọ́rọ́. Àwọn ará Tọ́kì máa ń rò ó nílé olóògbé àti ní alẹ́ ọjọ́ mímọ́, tí àwọn ará ilé á máa gba ọmọrógùn lọ́wọ́ ara wọn. Bí ẹ bá wà níbẹ̀, tí wọ́n sì na ọmọrógùn náà sí yín, ẹ gbà á.

Ẹ̀kẹta, un helvası, fulawa lásán ni wọ́n yan nínú bọ́tà. Ó wúwo, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Bí wọ́n bá gbé e wá fún yín, ẹ jẹ ẹ́. Ẹ má fi owó yín rà á.

Lokum tàbí cezerye

Lokum ni ayé mọ̀ jù, òun náà ló sì máa ń já àwọn ọmọ wa kulẹ̀ jù. Sítáàṣì àti ṣúgà ni wọ́n sè pọ̀ títí ó fi fà, tí wọ́n tẹ́ ẹ, tí wọ́n gé e, tí wọ́n sì fi ṣúgà lẹ́búlẹ́bú bò ó. Ilé ìtajà Hacı Bekir ní Istanbul ti ń ta á láti ọdún 1777. Ohun tó ń lé ènìyàn sẹ́yìn ni òórùn. Èyí tí wọ́n fi omi òdòdó róòsì sí, imú wa máa ń pè é ní pọ́fúùmù, ọkàn kì í sì í fẹ́ jẹ ohun tí imú bá pè bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ di ọdún kejì yín. Èyí tí wọ́n kọ "çifte kavrulmuş" sí lára, tí Antep fıstığı sì kún inú rẹ̀, ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú: ó kéré, ó le díẹ̀, hóró sì pọ̀ nínú rẹ̀ ju ṣúgà tó ń fà lọ. Àwọn Mùsùlùmí tó ń bẹ̀rù jẹ́látìn, èyí tí wọ́n ń sè láti ara awọ àti egungun ẹran, nínú súwíìtì lè fọkàn balẹ̀ lórí lokum tí wọ́n ṣe bó ṣe yẹ, sítáàṣì ló dì í mú.

Síbẹ̀, bí ẹ bá gbé lokum àti cezerye síwájú mi, cezerye ni màá nawọ́ sí, pàápàá fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ìlú Mersin ló ni ín. Kárọ́ọ̀tì ni wọ́n sè pẹ̀lú ṣúgà títí ó fi di pupa dúdú tí ó sì dì, wọ́n á fi ceviz tàbí Antep fıstığı sínú rẹ̀, wọ́n á sì yí i nínú àgbọn tí wọ́n rin. Òórùn àgbọn yẹn á mú yín rántí gúrúndì àti bàbá dúdú lójú ẹsẹ̀, ẹnu yín á sì gbà á láìjà.

Pişmaniye ìlú İzmit, tó rí bí òwú funfun, fulawa tí wọ́n yan nínú bọ́tà ni wọ́n fi ṣúgà fà, tí wọ́n tún un fà, títí ó fi di fọ́nrán. Ó sún mọ́ alewa tí àwọn Hausa ń tà ní Sábó. Ó dùn, kò wúwo, ó sì máa ń dà sára aṣọ.

Baklava tàbí künefe

Mi ò sọ pé kí ẹ má jẹ baklava. Mo ní kí ẹ jẹ ẹ́ nígbà tí ẹ bá ti mọ ohun tí ẹ ń wá nínú rẹ̀, torí iṣẹ́ ọwọ́ tó jinlẹ̀ ni, ó sì wọ́n. Ti ìlú Gaziantep ló gbayì jù. Lọ́dún 2013, Antep baklavası di ohun àkọ́kọ́ láti Tọ́kì tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun tí ìlú kan ni. Awẹ́ ìyẹ̀fun tó fẹ́lẹ́ débi tí ẹ lè rí ọwọ́ yín láti ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n tò lé ara wọn, tí wọ́n fi bọ́tà tí wọ́n ti yọ́ tí wọ́n sì ti sẹ́ ra, tí wọ́n fi Antep fıstığı lílọ̀ sáàárín, kí wọ́n tó yan án, kí wọ́n sì da omi ṣúgà gbígbóná lé e.

Báwo lẹ ṣe máa mọ èyí tó dára? Ẹ kì fọ́ọ̀kì bọ̀ ọ́, kí ẹ sì tẹ́tí: awẹ́ òkè gbọ́dọ̀ dún. Omi ṣúgà kò gbọdọ̀ gún sí ìsàlẹ̀ àwo. Òórùn bọ́tà ló yẹ kó kọ́kọ́ kàn yín nímú. Ẹ wo àwọ̀ hóró inú rẹ̀ pẹ̀lú: Antep fıstığı kò ní àwọ̀ ewé tó ń tàn yòò. Bí ó bá ń tàn jù, tí iye rẹ̀ sì rọjú jù, ó lè jẹ́ ẹ̀wà roboto aláwọ̀ ewé (green peas) tí a ń fi sínú fúráìdì ráìsì ni wọ́n lọ̀ mọ́ ọn, tàbí ẹ̀pà tí wọ́n pa láró. Àwọn aláṣẹ ibẹ̀ ti mú àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n bu ẹyọ méjì fún yín, ẹ má gba odindi àwo. Ẹ fi fọ́ọ̀kì yí i kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó rọ̀ kan àjà ẹnu, kí ẹ sì jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá ká ti fıstık lè ra èyí tí wọ́n fi ceviz ṣe. Ó rọjú, kò sì burú rárá.

Künefe, ti ẹkùn Hatay, ọ̀nà mìíràn ló gbà. Fọ́nrán ìyẹ̀fun tí wọ́n ń pè ní kadayıf ni wọ́n tẹ́ sínú àwo irin pẹlẹbẹ, wọ́n á fi wàrà tútù tí kò níyọ̀ sáàárín, wọ́n á yan án lójú méjèèjì, wọ́n á sì da omi ṣúgà lé e. Bí ẹ bá gé e ní gbígbóná, wàrà á fà láti àwo títí dé ẹnu. Ẹni tó bá ń ra wàrà lọ́wọ́ àwọn Fúlàní ní Kútọ̀ á rò pé ata ló yẹ kó tẹ̀ lé e, àmọ́ wàrà yẹn gan-an ló ń pín ṣúgà náà níyà, kò sì ní jẹ́ kó le mọ́ ẹnu tó ti baklava. Ìdí nìyí tí mo fi ń ní kí ẹni tó fẹ́ràn wàrà kọ́kọ́ jẹ künefe. Ẹ pín ẹyọ kan sí méjì. Antakya, olú-ìlú Hatay, bà jẹ́ gidigidi nínú ìmìtìtì ilẹ̀ ọjọ́ 6 oṣù kejì ọdún 2023. Bí ẹni tó ń ta künefe fún yín bá sọ pé ibẹ̀ lòun ti wá, ẹ bá a kẹ́dùn kí ẹ tó béèrè iye.

Èyí ni àwọn tí mo gbà pé ó yẹ kí ẹ fi wé ara wọn ṣáájú:

| Adùn | Ẹni tó jọ l'Abẹ́òkúta | Agbára ṣúgà rẹ̀ | Bó ṣe ń pẹ́ tó |
|---|---|---|---|
| Lokma | pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù | ó mọ níwọ̀n | ẹ jẹ ẹ́ ní gbígbóná |
| Tahin helvası | róbó, àádùn | ó mọ níwọ̀n | oṣù mélòó kan nínú páálí |
| Cezerye | gúrúndì | ó mọ níwọ̀n | ọ̀sẹ̀ mélòó kan |
| Lokum | kò ní | ó le | oṣù mélòó kan |
| Künefe | wàrà, láìsí ata | ó le díẹ̀ | ìṣẹ́jú díẹ̀ péré |
| Baklava | kò ní | ó le jù | ọjọ́ mélòó kan, kì í ṣe nínú fíríìjì |

Èyí tí wọ́n fi mílíìkì sè

Bí mílíìkì bá máa ń rú yín nínú, ẹ rékọjá ibí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, sütlaç ló rọrùn jù: ìrẹsì tí wọ́n sè nínú mílíìkì, tí wọ́n sì jó òkè rẹ̀ díẹ̀ nínú ààrò. Kazandibi ni wọ́n jó ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n sì ká a. Tavuk göğsü ní ẹran àyà adìyẹ nínú, wọ́n fà á ya wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ débi tí ẹ kò ní mọ̀. Mo sọ fún yín kó má baà jẹ́ pé lẹ́yìn tí ẹ bá jẹ ẹ́ tán lẹ tó gbọ́. Güllaç kì í pọ̀ níta àyàfi nínú Ramadan, ó fúyẹ́, ó sì tutù. Lẹ́yìn ààwẹ̀ ọjọ́ gígùn, ó san ju gbogbo èyí tí wọ́n dín lọ.

Aşure àti boza

Aşure ni wọ́n ń sè ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Muharram àti àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Wọ́n ní ohun tó ṣẹ́kù nínú ọkọ̀ Ànábì Nûhù ni wọ́n dà pọ̀ nínú ìkòkò kan. Àlìkámà, ẹ̀wà, nohut (chickpeas), ọ̀pọ̀tọ́ gbígbẹ, ceviz, hóró èso nar (pomegranate) pupa lórí rẹ̀. Ẹni tó jẹ ẹ̀gbo àti ẹ̀wà dàgbà kò ní bẹ̀rù abọ́ yìí, àfi pé ṣúgà ló wà níbi tí ọbẹ̀ ata yẹ kó wà. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni, ọ̀fẹ́ sì ni lọ́pọ̀ ìgbà, torí aládùúgbò á kan ilẹ̀kùn yín pẹ̀lú abọ́ náà lọ́wọ́. Ẹ má dá abọ́ náà padà lófìfo. Ohunkóhun tí ẹ bá ní nílé, ìbáà ṣe èso méjì, ẹ fi sínú rẹ̀.

Boza, ohun mímu ìgbà òtútù ni. Jéró tí wọ́n sè, tí wọ́n sẹ́, tí wọ́n sì jẹ́ kó kan díẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é; ó ki, wọ́n á bu sínámọ́nì lé e, wọ́n á sì fi leblebi, ìyẹn nohut yíyan, sí i lórí. Ilé ìtajà Vefa ní Istanbul ti ń ta á láti ọdún 1876. Ọ̀pọ̀ àlejò kì í lè mu ju ẹnu kan lọ. Àwa tí wọ́n fi ògì tọ́ kò yẹ ká wà lára wọn: ìkan díẹ̀ yẹn, ẹnu wa mọ̀ ọ́n láti kékeré. Ó ń wú bí ó bá pẹ́, ọtí díẹ̀ kíún sì lè wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ bá mú un lọ́kàn kó rà á ní tuntun, tàbí kó fi í sílẹ̀.

Bí wọ́n bá pè yín sílé

Ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo. Páálí baklava ìlàjì kíló tàbí lokum tó dára ni wọ́n ń gbé lọ kí ènìyàn. Ẹ jẹ nínú èyí tí ìyá ilé fọwọ́ ara rẹ̀ sè, kí ẹ sì sọ fún un pé "elinize sağlık", kí ọwọ́ yín ní ìlera. Bí ẹ kò bá lè jẹ ẹ́ tán, ẹ jẹ díẹ̀ níwájú rẹ̀, kí ẹ má fi àwo náà sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn. Wọ́n tún lè da kolonya, omi olóòórùn dídùn, sí yín lọ́wọ́. Ẹ fi pa ọwọ́.

Nígbà tí ẹbí ọkọ bá lọ tọrọ ọmọ, páálí ohun dídùn kì í gbẹ́yìn, wọ́n sì máa ń sọ pé "tatlı yiyelim, tatlı konuşalım": ẹ jẹ́ ká jẹ dídùn, ká sọ dídùn. Ẹni tó bá ti rí oyin, ìrèké àti àádùn lórí ẹní ìdána wa ní Ìbarà tàbí Ìtòkú mọ̀ pé inú àdúrà kan náà ni wọ́n wà. Nígbà ọdún ìtúnu ààwẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ń ṣe é, àwọn ọmọdé á máa kan ilẹ̀kùn ká àdúgbò láti gba súwíìtì. Ẹ ra ọ̀rá kan sílẹ̀ ní yàrá yín ṣáájú. Bí ẹ bá sì ń ti ilé bọ̀, kókóró àti sísí pẹlẹ́bẹ ni kí ẹ fi sẹ́rù fún àwọn ọ̀rẹ́ yín níbẹ̀. Wọ́n gbẹ, wọn kì í tètè bà jẹ́, ẹnu tó mọ hóró yíyan sì máa ń gbà wọ́n.

Èyí tó ṣeé gbé wálé

Lokum, cezerye àti pişmaniye á dé Abẹ́òkúta láìyí padà, bí ẹ bá ti rà wọ́n nínú páálí tí wọ́n dì pa. Tahin helvası náà ṣeé gbé, ṣùgbọ́n oòrùn wa á mú kí ọ̀rá rẹ̀ sun; ọ̀rá méjì ni kí ẹ fi dì í, kó má sì sún mọ́ aṣọ òkè ẹnikẹ́ni nínú àpótí. Bí ẹ bá fẹ́ gbé baklava, ẹ béèrè "kuru baklava", èyí tí omi ṣúgà rẹ̀ kò pọ̀. Ìrìn àjò gan-an ni wọ́n ṣe é fún. Künefe àti gbogbo ohun tí wọ́n fi mílíìkì sè, ibẹ̀ ni kí ẹ ti jẹ ẹ́.

Bí ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà tí dókítà ti ní kí wọ́n yé jẹ ṣúgà bá wà nílé, ẹ má gbé lokum síwájú wọn kí ẹ sì máa retí pé wọ́n á ṣẹ́ ara wọn. Fındık yíyan tàbí Antep fıstığı tí kò níyọ̀ ni kí ẹ rà fún wọn. Ṣọ́ọ̀bù tó ń ta lokum náà ló ń tà á, níwọ̀n, ẹ sì ní kí wọ́n dì í lọ́tọ̀, kí ṣúgà lẹ́búlẹ́bú ti lokum má baà ràn án.